Levi's 501 tí wọn kò tíì fọ̀: mọ ìwọ̀n rẹ kí o tó rà á

Jíǹsì yìí le gbagidi nígbà tó bá ṣì tuntun: òwú pọ́ńbélé ni, kò ní rọ́bà nínú. Bí omi bá ti kàn án, yóò súnkì. Nítorí náà, fi nǹkan bí ínǹṣì 1 kún ìbàdí, kí o fi 3 kún gígùn ẹsẹ̀. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọrùn ẹsẹ̀ rẹ á wà níta. Yí inú rẹ̀ síta, fi omi tútù fọ̀ ọ́ lóun nìkan, torí aró rẹ̀ á ràn mọ́ aṣọ funfun. Bọ́tìnnì ló ní, kì í ṣe síìpù. Ẹni tí ìtọ̀ bá ń gbọ̀n á kan ìyọnu! Ìṣó bàbà etí àpò rẹ̀ ni Levi Strauss àti Jacob Davis, télọ̀ ìlú Reno, gbàwé àṣẹ lé lórí ní 1873, kí ṣòkòtò lébìrà má baà máa ya. Láti ìgbà náà, àti mẹkáníìkì àti àwọn ààrẹ Amẹ́ríkà kan ti wọ jíǹsì. Orúnkún jíǹsì wà lára ibi tó máa ń tètè ṣá.