Brolio tàbí Mukhrani: Èwo Nínú Wáìnì Ilé Olódi Méjèèjì Ni Kí Ẹ Rà?

Ẹni tó bá fẹ́ ra wáìnì ilé olódi, kó kọ́kọ́ gbójú kúrò lára àwòrán ilé tó wà lára ìgò. Mo ti tìtorí àwòrán ra ọ̀kan rí. Mo délé, mo yí ẹ̀yìn ìgò síta, kò sí orúkọ àjàrà kankan níbẹ̀, ọtí náà kò sì ní adùn tí mo lè rántí. Ó dùn mí. Àjàrà lẹ ń ra, ẹ kì í ra òkúta.

Ìdí nìyí tí mo fi gbé Brolio ti Ítálì sẹ́gbẹ̀ẹ́ Château Mukhrani ti Jọ́jíà (Jọ́jíà ẹ̀bá Òkun Dúdú, kì í ṣe ti Amẹ́ríkà). Àjàrà ìbílẹ̀ ni àwọn méjèèjì fi lórúkọ.

Brolio wà ní Gaiole, láàárín àwọn òkè Chianti, ọwọ́ ìdílé Ricasoli ló sì ti wà láti 1141. Bettino Ricasoli, tó ṣe olórí ìjọba Ítálì lẹ́ẹ̀mejì, fi ọ̀pọ̀ ọdún dán àjàrà wò kó tó kọ lẹ́tà kan ní 1872: kí Sangiovese gba iwájú nítorí òórùn àti agbára rẹ̀, kí Canaiolo rọ líle rẹ̀ lójú, kí Malvasia funfun wọ inú èyí tí wọn yóò tètè mu. Lónìí, Sangiovese inú Chianti Classico, ìyẹn wáìnì pupa àgbègbè Brolio, kò gbọ́dọ̀ dín ní 80 nínú 100, wọn ò sì gba àjàrà funfun láyè níbẹ̀ mọ́.

Mukhrani wà ní agbègbè Kartli. Ọmọba Ivane Mukhranbatoni ló dá a sílẹ̀ nínú ọ̀rúndún 19. Ó di ahoro láyé ìjọba Soviet kí wọ́n tó tún un ṣe. Saperavi àti Shavkapito wà lára àjàrà pupa tí wọ́n fi ń pọn wáìnì níbẹ̀.

Ẹ bu ọtí méjèèjì sínú ife, kí ẹ gbé e sójú ìmọ́lẹ̀. Ti Sangiovese, ẹ óò rí ìka yín ní òdìkejì. Ti Saperavi, pàtàpàtà ló dúdú. Ọ̀pọ̀ àjàrà pupa, èèpo wọn nìkan ló ní àwọ̀. Ti Saperavi, ẹran inú rẹ̀ gan-an pupa. Orúkọ rẹ̀ jẹ mọ́ àwọ̀ tí a fi ń rẹ aṣọ, ó sì ń kun ahọ́n bí aró ṣe ń kun ọwọ́ aláró.

Sangiovese ń kan bí àgbálùmọ̀, ó sì ń fún èrìgì pọ̀ bí obì. Ìkan yẹn ló mú kó bá ọbẹ̀ tòmátì mu. Saperavi kún ẹnu jù ú lọ. Ẹran sísun ló yẹ ẹ́, irú mtsvadi tí wọ́n ń gún mọ́ irin bíi súyà tiwa. Ṣùgbọ́n Kakheti, agbègbè mìíràn ní Jọ́jíà, ni Saperavi ti gbajúmọ̀ jù. Ọmọ onílẹ̀ Kartli gidi ni Shavkapito, ó fúyẹ́ ju Saperavi lọ, ẹ ò sì lè rí i níbi púpọ̀ láyé.

Ẹ ka ara ìgò dáadáa. Riserva àti Gran Selezione jẹ́ ìpele tó ga jù nínú Chianti Classico: Riserva ti lo oṣù 24 kó tó jáde, Gran Selezione lo 30. Síbẹ̀, àjàrà ilẹ̀ Faransé bíi Merlot lè wà nínú 20 tó kù lára 100. Ẹni tó bá fẹ́ Sangiovese nìkan, kó wá Colledilà, wáìnì Ricasoli mìíràn, àmọ́ owó rẹ̀ ju ti Brolio lásán lọ ní ìlọ́po mélòó kan. Lára ìgò Jọ́jíà, ẹ wo bóyá “dry” ni wọ́n kọ. “Semi-sweet” máa ń dùn. Qvevri ni ìkòkò amọ̀ ńlá tí wọ́n ń rì mọ́lẹ̀ dé ọrùn, èyí tí UNESCO fi ọ̀nà ìpọntí rẹ̀ sínú àkójọ àṣà ní 2013. Bí ọ̀rọ̀ náà kò bá sí lára ìgò, ẹ má rò pé inú ìkòkò ló ti wá.

Bí kọ́ọ̀kì bá ti yọrí sókè, ó ṣeé ṣe kí ooru ti bà á jẹ́. Ẹ dá a padà.

Bó bá jẹ́ ìgò kan péré ni owó mi ká, Shavkapito ni n óò gbé. Bí ọbẹ̀ ata bá ti wà lórí iná, Brolio lásán ni, kó sì lo ogún ìṣẹ́jú nínú fíríìjì kí ẹ tó ṣí i.