Kí ni a ó tẹ́ sí ọ̀nà ọgbà ẹ̀fọ́ tuntun? Ìfiwéra fún àwọn olùrà ní Ilé-Ifẹ̀

Ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ilẹ̀ fún ọgbà ẹ̀fọ́ ní Ilé-Ifẹ̀ sábà máa ń ro ti irúgbìn, ajílẹ̀ àti omi kí ó tó ro ti ọ̀nà. Ìgbà tí òjò oṣù Kẹfà bá dé, tí táyà bárò rì sínú ẹrẹ̀, tí àwọn tí ó wá ra ẹ̀fọ́ sì ń gba orí ebè kọjá nítorí pé omi ti gba póró, ni ọ̀rọ̀ ọ̀nà ń tó di ohun tí à ń náwó lé lórí. Òjò agbègbè wa máa ń bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹta, kì í sì í dá tán títí di nǹkan bí oṣù Kẹwàá tàbí Kọkànlá, bí a bá yọ ìsinmi díẹ̀ tí ó máa ń ní ní oṣù Kẹjọ kúrò. Nítorí náà, ojú òjò ni mo fi wo gbogbo ohun tí mo fẹ́ fi wéra níhìn-ín.

Ìbéèrè méjì ni kí olùrà dáhùn kí ó tó béèrè iye owó. Èkíní ni pé, ta ni ó ni ilẹ̀? Ẹni tí ó ń san owó ilẹ̀ lọ́dọọdún kò gbọdọ̀ ra ohun tí kò ní lè kó lọ, àfi bí ohun náà bá jẹ́ èyí tí yóò jẹrà di ilẹ̀dú. Èkejì ni pé, kí ni yóò máa gba ọ̀nà náà? Ẹsẹ̀ ènìyàn kò béèrè ohun púpọ̀, ṣùgbọ́n bárò tí ó kún fún ajílẹ̀ tàbí kẹ́ẹ̀gì omi yóò fi àléébù ọ̀nà hàn láàárín ọ̀sẹ̀ kan.

Ó dára kí a mọ ìwọ̀n pẹ̀lú. Ọ̀nà tí ó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 60, tí ó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 3, tí a sì fẹ́ tẹ́ nǹkan sí títí yóò fi ga ní ìnṣì 3, yóò gba nǹkan bí bárò 20. Bí ó bá jẹ́ gíráńítì ni, ìyẹn súnmọ́ tọ́ọ̀nù 2. Bí ó bá jẹ́ èèpo ẹkùrọ́, kò tó tọ́ọ̀nù kan. Ẹni tí típà kò lè dé ẹnu ọgbà rẹ̀, tí ó jẹ́ pé orí ni wọn yóò fi ru ẹrù náà wọlé, kò gbọdọ̀ fi ojú kékeré wo ìyàtọ̀ yìí.

Lẹ́búlẹ́bú pákó

Ohun tí owó rẹ̀ kéré jù ni lẹ́búlẹ́bú pákó láti sọ́míìlì, níbi tí wọ́n ti sábà máa ń sun ún dànù. Ó rọ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀, ó máa ń fa omi mu, bí a bá sì kọ́kọ́ tẹ́ páálí sábẹ́ rẹ̀, tí a wá dà á lé e ní ìnṣì 4, kì í jẹ́ kí koríko tètè hù. Lẹ́yìn ọdún kan, púpọ̀ nínú rẹ̀ yóò ti jẹrà, a ó sì ní láti da òmíràn lé e. Àléébù rẹ̀ ni pé ìṣàn omi máa ń gbé e lọ níbi tí ilẹ̀ bá ti da gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, àti pé ikán fẹ́ràn rẹ̀, nítorí náà kí a má ṣe tẹ́ ẹ súnmọ́ ògiri ilé tàbí ahéré onípákó. Kí a má sì ṣe ro tútù rẹ̀ mọ́ inú ebè: àwọn kòkòrò àìfojúrí tí ń sọ ọ́ di ilẹ̀dú yóò máa gba èròjà náítírójìn tí ẹ̀fọ́ nílò, ewé tẹ̀tẹ̀ yóò sì máa ṣá. Bí ó bá wà lórí ọ̀nà nìkan, kò séwu. Kí olùrà béèrè ní sọ́míìlì bóyá wọ́n ti fi oògùn ikán kun pákó náà kí wọ́n tó rẹ́ ẹ. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ó fi í sílẹ̀.

Àwọn kan máa ń lo èèpo kòkó, nítorí ó pọ̀ ní abúlé wa, pàápàá ní ìhà Iléṣà. Èmi kò gbà á nímọ̀ràn. Ó máa ń yọ̀ bí òjò bá rọ̀ sí i, ó sì lè gbé àrùn tí ń sọ èso kòkó di dúdú wọ ibi tí kò sí tẹ́lẹ̀.

Gíráńítì àti èèpo ẹkùrọ́

Àwọn méjì yìí ni ó yẹ kí a fi ara wọn wéra dáadáa, nítorí iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe: omi ń gba àárín wọn kọjá, wọn kì í sì í di ẹrẹ̀. Gíráńítì ni ó pẹ́ jù, kì í jẹrà, ikán kò sì ní ohun tí yóò fi í ṣe. Ṣùgbọ́n bí a bá kàn dà á sórí ilẹ̀ rírọ̀, yóò rì, ọdún kejì kò sì ní í tán kí a tó máa béèrè ibi tí òkúta wọlé sí. A gbọ́dọ̀ gbẹ́ ilẹ̀ náà ní ìnṣì 3 tàbí 4, kí a gún un mọ́lẹ̀, kí a sì tẹ́ àpò oníke tí a tú sábẹ́ rẹ̀ kí a tó da òkúta lé e. Kí a ra wẹ́wẹ́ rẹ̀, kì í ṣe èyí tí ó tóbi, nítorí òkúta ńlá máa ń yí lábẹ́ táyà bárò. Bí a bá po eruku òkúta mọ́ ọn, yóò le pọ̀ ju bí òkúta nìkan ṣe lè le lọ. Ohun tí mo kórìíra nínú gíráńítì ni pé bí ó bá ti dà sínú ebè, ọkọ́ yóò máa bá a jà títí ayé. Kò sí ọ̀nà ìrọ̀rùn tí a fi lè ṣà á kúrò. Fún ìdí èyí, búlọ́ọ̀kù tàbí pákó gbọ́dọ̀ wà ní etí ọ̀nà láti dá a dúró, owó ìyẹn sì gbọ́dọ̀ wà nínú ìṣirò.

Èèpo ẹkùrọ́, èyí tí ó kù ní ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń fún àdín, fúyẹ́, ó le, ó sì máa ń lo ọdún púpọ̀ kí ó tó jẹrà. Bí díẹ̀ bá dà sínú ebè, kò pa ẹ̀fọ́ lára. Àléébù rẹ̀ ni pé ẹnu rẹ̀ mú: ẹni tí ń rìn láìwọ bàtà yóò jẹ ìka àbámọ̀. Ti tuntun tún máa ń ní òróró lára, tí èèrà àti eku máa ń wá, nítorí náà kí olùrà béèrè fún èyí tí òjò ti rọ̀ sí. Fún ẹni tí ó yá ilẹ̀, èèpo ẹkùrọ́ ni èmi yóò mú ṣáájú gíráńítì, nítorí ó ṣeé kó sínú àpò lọ sí ibòmíràn láìfi owó ńlá wá àwọn tí yóò rù ú.

Yangí

Yangí tí a fọ́ wẹ́wẹ́ dára gan-an fún ojú ọ̀nà ńlá inú ọgbà, bí kò bá ní amọ̀ púpọ̀ nínú. Kí olùrà bu díẹ̀, kí ó fi omi rin ín, kí ó sì fún un mọ́wọ́. Bí ó bá dì ṣùrù, tí ó sì ń fà, amọ̀ ti pọ̀ jù, yóò sì máa yọ̀ ní ìgbà òjò. Bí ó bá fọ́ wẹ́wẹ́ bí a ṣe ṣí ọwọ́, ó dára. Kí a mú kí àárín ọ̀nà ga díẹ̀ ju etí lọ, kí omi lè máa dà sí ẹ̀gbẹ́.

Kọnkéré àti intalọ́ọ̀kì

Onílẹ̀ nìkan ni mo ń bá sọ ọ̀rọ̀ níhìn-ín. Ọ̀nà ẹsẹ̀ bàtà 60 yẹn, bí kọnkéré rẹ̀ bá nípọn ní ìnṣì 4, tí a sì pò ó ní ọ̀kan, méjì, mẹ́rin (sìmẹ́ńtì kan, iyanrìn méjì, òkúta mẹ́rin), yóò gba nǹkan bí àpò sìmẹ́ńtì 11. Intalọ́ọ̀kì tí ó nípọn ní mílímítà 60 tó fún ẹsẹ̀ àti bárò. Mílímítà 80 jẹ́ ti ibi tí ọkọ̀ yóò gbà. Àǹfààní intalọ́ọ̀kì lórí kọnkéré ni pé ó ṣeé tú, tí páìpù omi bá bàjẹ́ lábẹ́ rẹ̀.

Ilé-Ifẹ̀ fúnra rẹ̀ ti mọ iṣẹ́ yìí tipẹ́. Ìtàn sọ pé Lúwo, Ọọ̀ni obìnrin, ni ó ní kí wọ́n fi àpáàdì tẹ́ ojú ọ̀nà ìlú, àwọn awalẹ̀pìtàn sì ti rí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní Ìta Yemòó, tí wọ́n to àpáàdì rẹ̀ ní òró, kì í ṣe ní ìbú. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi àfọ́kù búlọ́ọ̀kù tàbí bíríkì ṣe bẹ́ẹ̀ lè tò ó ní òró pẹ̀lú, nítorí ó máa ń pẹ́, kì í sì í yọ̀. Ṣùgbọ́n bí ọkọ́ bá kan àpáàdì àtijọ́ tí a tò báyìí nínú ọgbà rẹ, má ṣe hú u; lọ sọ fún àwọn ará mùsíọ̀mù tí ó wà ní ẹ̀gbẹ́ ààfin.

Bí ó bá jẹ́ èmi ni mo ń ra, yangí tàbí gíráńítì ni n ó tẹ́ sí ọ̀nà kan ṣoṣo tí bárò ń gbà láti ẹnu ọgbà dé ibi omi, n ó sì fi lẹ́búlẹ́bú pákó sí gbogbo póró tí ó kù. Oṣù Kìíní tàbí Kejì ni kí a pe típà, kí ọ̀nà tó di ẹrẹ̀, kí a sì ti fi igi sàmì sí ibi tí yóò dà á sí, nítorí awakọ̀ tí ó ń kánjú lè da tọ́ọ̀nù 2 òkúta sórí ebè tí a ti kọ tán.