Wíwo tẹ́níìsì obìnrin ní ilé ìwòran bọ́ọ̀lù kan nítòsí Ọláìyá, Òṣogbo

Torí bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ́ ọ, ìṣẹ́jú 90 sì ni gbogbo ètò wọn dá lé. Tẹ́níìsì kì í wo aago. Ní ìpele ìkẹyìn Billie Jean King Cup, ìdíje tẹ́níìsì obìnrin láàárín àwọn orílẹ̀-èdè, orílẹ̀-èdè méjì á kọ́kọ́ gbá ẹnìkan-sí-ẹnìkan lẹ́ẹ̀mejì. Bó bá di 1-1, méjì-sí-méjì ló máa parí ẹ̀. Ó lè tó wákàtí mẹ́fà. Bó bá jẹ́ epo wákàtí mẹ́ta ló wà nínú jẹnẹrétọ̀, ibi tó dùn jù ni iná máa kú sí.

Ẹ wo ìdíje tí wọ́n gbá ní Málaga, Sípéènì, ní 2024, nígbà tó ku ìpele kan kó di àṣekágbá. Iga Swiatek ti Poland na Jasmine Paolini ti Ítálì 3-6, 6-4, 6-4, ó di 1-1. Paolini ò lọ sinmi o. Òun àti Sara Errani, àwọn tí wọ́n jọ gba góòlù Òlíńpíìkì Paris lọ́dún náà, tún jáde pa dà, wọ́n na Swiatek àti Katarzyna Kawa 7-5, 7-5. Ítálì ló gba ife. Ẹni tí wọ́n bá yí ìkànnì mọ́ lójú lẹ́yìn eré kejì, kí ló wò? Wọn kì í yí i níbí, ó yẹ ká yìn wọ́n. Àmọ́ eré kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń gbowó lé lórí, ìyẹn ò dáa. Owó kan ló yẹ kí gbogbo ẹ̀ jẹ́.

Àwòrán ni ìṣòro gan-an. Wáyà ẹlẹ́nu mẹ́ta, yẹ́lò, pupa, funfun, ni wọ́n fi so dìkódà mọ́ pùrójẹ́kítọ̀. Ó ń gbé bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀, ṣùgbọ́n bọ́ọ̀lù tẹ́níìsì ò fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 7: bí wọ́n bá ti sáàfù, ìyẹn gbígbá tó bẹ̀rẹ̀ ayò, ìrù bàìbàì kan lásán lẹ máa rí, ẹ ò ní mọ̀ bóyá ó balẹ̀ sórí ìlà tàbí ó jáde. Wáyà HDMI kan, èyí tó ń gbé àwòrán tó mọ́ kedere, ti tó. Ihò ẹ̀ wà lẹ́yìn dìkódà níbẹ̀.

Oòrùn tún ńkọ́? Shenzhen ní Ṣáínà ni wọ́n ti gbá ìdíje yìí ní 2025, aago Ṣáínà sì fi wákàtí méje ṣíwájú tiwa: aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ wọn, mẹ́wàá àárọ̀ ni l'Óṣogbo. Fèrèsé ò ní kọ́tìnnì, ara ògiri á funfun báláú. Tẹlifíṣọ̀n kékeré tó wà ní igun ni kí ẹ jókòó tì láàárọ̀. (Ní àṣekágbá yẹn, Paolini na Jessica Pegula 6-4, 6-2, Ítálì fi 2-0 lu Amẹ́ríkà. Irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ nìkan lowó eré-kan-owó-kan kì í dunni.)

Alákàrà iwájú ibẹ̀ kì í tètè dé. Ẹ jẹun kí ẹ tó wá.