Ṣẹ́ẹ̀tì àdìrẹ tàbí ti àǹkárá: èwo ni kí n rà?

Bí iye kan náà ni wọ́n ń ta méjèèjì, ibi ìfọṣọ ni ìyàtọ̀ ti máa ń hàn jù. Aró àdìrẹ tuntun máa ń jáde. Ẹ má pò ó mọ́ aṣọ mìíràn tí ẹ bá ń fọ̀ ọ́, omi tútù ni kí ẹ fi fọ̀ ọ́, kí ẹ sì sá a síbi tí oòrùn ò sí. Àǹkárá tó dáa kì í yọni lẹ́nu tó bẹ́ẹ̀. Ayédèrú rẹ̀ ló ń ṣá kíákíá. Èyí ó wù kó jẹ́, ẹ fi aṣọ funfun tó tutù nù ún kí ẹ tó sanwó, kí ẹ lè mọ̀ bóyá aró rẹ̀ ń jáde.

Ní ti ooru, òwú ni ọ̀pọ̀ àdìrẹ, ó sì máa ń fa òógùn mu. Àwọn àǹkárá kan wà tó jẹ́ pọliẹ́sítà: ẹ yọ fọ́nrán kan lára rẹ̀ kí ẹ sì ṣáná sí i, bó bá yọ́ bí ọ̀rá dípò kó di eérú, ẹ̀yin àti ooru ni.

Àwòrán ńlá ara àǹkárá gbọ́dọ̀ pàdé níbi bọ́tìnnì, télọ̀ tó mọṣẹ́ ló sì lè ṣe é. Àdìrẹ máa ń bo àṣìṣe télọ̀.

Ẹni tó ń kó aṣọ fún alágbàfọ̀, àǹkárá ni kó mú. Ẹni tó ń fọṣọ ara rẹ̀, tí kò sì fẹ́ bá ẹnikẹ́ni wọ irú kan náà lọ́jọ́ Ẹtì ní ọ́fíìsì, àdìrẹ tí wọ́n fọwọ́ rẹ ní Ìtòkú l'Abẹ́òkúta ni kó wá lọ.