Ọdún kan pẹ̀lú máàtì atutù tí mo rà fún ajá mi onírun kíkún

Tanímọ̀la lorúkọ ajá mi. Caucasian ni, akọ, ọmọ ọdún mẹ́ta, ó wọn kílò 58. Àwọn darandaran orí òkè Caucasus, níbi tí yìnyín ti ń bọ̀, ló ń fi irú wọn ṣọ́ àgùntàn. Ìbàdàn ni èmi ti ń sin tèmi. Ẹ sì mọ bí oṣù Kẹta ṣe ń rí lọ́dọ̀ wa: kò sí iná, sìmẹ́ńtì àgbàlá á gbóná janjan, ajá á na ahọ́n síta, á máa mí hẹlẹhẹlẹ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ọkàn mi kì í balẹ̀ rárá.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ra máàtì tó ní gẹ́ẹ̀lì nínú, ₦38,000, èyí tó tóbi jù. Kò gba iná, kò gba omi. Bí ajá bá ti sùn lé e, gẹ́ẹ̀lì á máa fa ooru ara rẹ̀. Ẹran ni mo fi tàn án kó tó gbà láti gun orí rẹ̀, ṣùgbọ́n kò ju bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ tí èémí rẹ̀ fi rọlẹ̀. Inú mi dùn gan-an lọ́jọ́ náà. Àmọ́ tó bá pẹ́ lórí rẹ̀, máàtì náà á lọ́ wọ́ọ́rọ́ bíi ti ara rẹ̀, àfi kó dìde kí gẹ́ẹ̀lì tún tutù. Lọ́jọ́ tí mo tẹ́ ẹ sínú oòrùn, kò ṣe é fọwọ́ kàn. Etí máàtì náà kan sì ti ń ya báyìí. Ojú mi ò kúrò níbẹ̀, kí ajá má baà jẹ gẹ́ẹ̀lì.

Òòyà onírin gígùn, ₦6,500, ló ṣiṣẹ́ jù. Mo ti fẹ́ fá gbogbo irun ajá náà dànù, dókítà ẹran ló kọ̀ fún mi. Ó ní ìpele méjì ni irun rẹ̀: ti òkè ń gba oòrùn dúró kó má jó awọ, ti ìsàlẹ̀ rọ̀ bí òwú, òun ló wà fún òtútù. Ti ìsàlẹ̀ yìí ló máa ń re, á sì lẹ̀ pọ̀, atẹ́gùn ò ní ráyè wọlé. Ajá kì í sì í làágùn bíi tiwa, àfi díẹ̀ ní àtẹ́lẹsẹ̀. Irun tí mo yà kúrò lọ́jọ́ àkọ́kọ́ kún odidi àpò ìrẹsì.

Ọyẹ́ ò ṣe é ní nǹkan kan, ìgbà yẹn gan-an lara rẹ̀ máa ń yá jù. Mo kàn ń gbọn eruku kúrò lára rẹ̀ ni.

Máàtì, mẹ́ta nínú márùn-ún. Òòyà, márùn-ún géérégé; ẹ kọ́kọ́ rà á bówó ò bá tó. Màá ra máàtì mìíràn kí oṣù Kẹta tó dé, abẹ́ igi máńgòrò ni màá sì tẹ́ ẹ sí.