Ìkìlọ̀: ẹ́ńjìnnì 504 "tòkunbọ̀" tí wọ́n tà fún mi l'Abẹ́òkúta

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń tún Pijó 504 píkọ́ọ̀pù àtijọ́ ṣe, ẹ dúró ná. Ẹ má tíì kówó fún ẹnikẹ́ni tó bá ní òun ní ẹ́ńjìnnì 2.0 (ti lítà méjì) tòkunbọ̀ nílẹ̀ lápá Láfẹ́nwá, pàápàá ẹni tó bá ti ń pè yín ní "Dádì" kó tó kí yín tán. Olè ni. Wọ́n ní kí n má dárúkọ ẹ̀ kó má baà pè mí lẹ́jọ́. Èmi tí wọ́n jà lólè! Ó dáa, mi ò dárúkọ, àmọ́ olè ni.

₦550,000 ni mo kó fún un, mo sì fi ẹ́ńjìnnì àtijọ́ mi lé e. Ojú ń tì mí láti kọ iye yẹn síbí, torí ìyàwó mi náà máa kà á.

Ọkọ̀ bàbá mi ni, èyí tí wọ́n fi ń kó ẹ̀gẹ́ láti Ọdẹdá wá sọ́jà. Ọkọ̀ Kàdúná ni, láti ilé iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í to Pijó ní 1975, ẹ sì mọ̀ pé àwọn ọkọ̀ yẹn kì í kú bọ̀rọ̀. Pánẹ́ẹ̀lì bítà ti gé gbogbo ibi tó dípẹtà, wáyà tuntun ti wọlé, a ti yọ kọ́ńtáàtì tó ń mú púlọ́ọ̀gì tanná dànù, a ti fi electronic ignition sí i, a ti gbé gíà alámàárùn-ún wọ̀ ọ́. Ó ku ẹ́ńjìnnì. 1.8 ló wà níbẹ̀, ó kéré sí 2.0. Mo ní kí n sọ ọ́ di 2.0, kó lè máa gun àwọn òkè ìlú wa yìí pẹ̀lú ẹrù lẹ́yìn.

Ẹ wo bí òǹtajà náà ṣe ṣe é. Kí n tó dé, ó ti gbé ẹ́ńjìnnì náà lé táyà sílẹ̀, ó ti kùn ún ní sílífà láti òkè délẹ̀. Bátìrì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ọmọ iṣẹ́ kan gbé ike pẹtiróòlù sókè lọ́wọ́, rọ́bà tín-ín-rín ti inú ẹ̀ wọ kabúrétọ̀. Ó fi wáyà kan sítáátà, ẹ́ńjìnnì dún. Ó dún dáadáa, mi ò ní purọ́! Ó gbé fóònù ẹ̀ lé orí tọ́pù, ìyẹn ìdérí ẹ́ńjìnnì, fóònù ò já bọ́. "Dádì, ẹ wò ó, kò gbọ̀n rárá. Ọmọ Lísàbí ni wá, mi ò lè rẹ́ yín jẹ."

Kò pẹ́ tó fi pa á. Ó ní kó má baà gbóná, torí kò sí rédíétọ̀, kò sì sí omi kankan nínú ẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni jìbìtì náà wà! Inú sílíìfù, irin róbótó tó dà bíi páìpù, ni písítìnì 504 ti ń lọ sókè sódò, omi ló sì yí sílíìfù ká. Sílì tó wà nísàlẹ̀ sílíìfù ni kì í jẹ́ kí omi wọnú ọ́ìlì. Tí ibẹ̀ bá ti bàjẹ́, ẹ ò lè mọ̀ àfi tí omi bá wà nínú ẹ́ńjìnnì. Kí ló fẹ́ jò nínú ohun tó gbẹ? Ó mọ̀. Ó mọ̀ dáadáa!

A gbé e wọ ọkọ̀, a bu omi sí i, ó rìn. Mo wà á jáde láti Ìbarà, mo ń fọn fèrè kiri kí wọ́n lè wò mí. Mi ò tíì dé Adátán tí abẹ́rẹ́ ìgbóná fi wọnú pupa, tí èéfín funfun ń jáde lẹ́yìn, tí àwọn ọlọ́kadà ń pariwo lé mi lórí. Mẹkáníìkì kan lápá ibẹ̀ fa géèjì ọ́ìlì yọ: ọ́ìlì ti di ògì bàbà. Ó ṣí tọ́pù. Ìpẹtà ti jẹ etí sílíìfù méjì, wọ́n wá fi gọ́ọ̀mù irin lẹ ojú ẹ̀. Ó fi kálípà wọn bí ẹnu sílíìfù ṣe fẹ̀ tó, ó bá mìlímítà 84. 84! Ti 2.0 jẹ́ 88, 1.8 ló ń jẹ́ 84. Irú èyí tí mo ní tẹ́lẹ̀ ló tà fún mi, èyí tó ti kú, ó sì gba èyí tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ mi.

Àwọn kan ti ń bi mí pé ṣé mi ò wo nọ́ńbà ara ẹ́ńjìnnì náà ni. Mo wò ó! Ọ̀dà ló bò ó. Mo ní kó họ ọ́, ó ní á ba ojú ọjà jẹ́, mo sì gbà. Èmi tí mo ti ń wa ọkọ̀ kí wọ́n tó bí i. Àmọ́ ta ni kò ní gbà? Mẹkáníìkì tó mú mi lọ síbẹ̀ ń wò wá, kò fọhùn. Kí lẹ rò pé ó dí i lẹ́nu? Owó ẹ̀yìn ni.

Mo padà lọ bá òǹtajà náà. Kò pè mí ní Dádì mọ́. "Bàbá yìí" ló ń pè mí níwájú àwọn ọmọ iṣẹ́ ẹ̀. Ó ní tòkunbọ̀ kì í ní gáráńtì. Mo fi rìsíìtì hàn án, ó rẹ́rìn-ín: "ẹ́ńjìnnì 1" ló kọ sí i, kò kọ 2.0, kò kọ nọ́ńbà. Olè ni gbogbo àwọn tó ń ta ẹ̀yà ọkọ̀, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín. Ẹnì kan ṣoṣo tí mo lè jẹ́rìí sí lára wọn ni màmá tó ń ta burékì páàdì ní Ṣápọ́n, mo sì ti ń wo òun náà láwòtúnwò báyìí.

Ẹ mú mẹkáníìkì tiyín lọ, kì í ṣe èyí tí òǹtajà júwe tàbí èyí tó júwe òǹtajà. Ẹ so rédíétọ̀ mọ́ ọn, ẹ bu omi sí i, kó ṣiṣẹ́ títí á fi gbóná, kẹ́ ẹ wá fa géèjì. Ẹ họ ọ̀dà ojú nọ́ńbà, torí nọ́ńbà yẹn máa wọ ìwé ọkọ̀ yín, ẹ̀yin sì lọlọ́pàá máa dá dúró. Tó bá jẹ́ bọ́dì lẹ fẹ́ rà, ẹ mú mágínẹ́ẹ̀tì dání. Ibi tí kò bá lẹ̀ mọ́, pọ́tì tí wọ́n fi ń dí ihò ara ọkọ̀ ni, kì í ṣe irin.

Ẹ́ńjìnnì mi tó gbà, 1.8 ni. Etí irin tó di alternator mú lára ẹ̀ ti kán rí, wẹ́dà jó o pọ̀, àpá ẹ̀ wọ́ díẹ̀ sápá òsì. Tẹ́ ẹ bá rí i níbì kan tí wọ́n ti kùn ún ní sílífà, tí wọ́n ní Kútọnu ló ti dé, tèmi ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ̀wé sí mi, kẹ́ ẹ sì sọ iye tí wọ́n ń pè é fún mi.