Ilé Gíláàsì Garfield Park ní Chicago: Ìgbà Òtútù Ni Kí Ẹ Lọ

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Chicago tí òtútù January ti sé mọ́lé, Garfield Park Conservatory ni mo fẹ́ kí ẹ ya lọ. Ilé gíláàsì ràgàjì ni, inú páàkì ló wà ní apá ìwọ̀ oòrùn ìlú, ewéko ilẹ̀ olóoru ló sì kún inú rẹ̀. Láti 1908 ni wọ́n ti ṣí i fún aráàlú. Ìyá mi tó wá kí wa láti Oǹdó ni mo mú lọ. A gba àyè sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, a ò sì san kọ́bọ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

Tíréènì ni kí ẹ wọ̀. Awakọ̀ tí a háyà já wa sílẹ̀ ní òdìkejì páàkì, ó ní ibẹ̀ náà ni, ló bá lọ. Nínú òjò dídì ni a ti fẹsẹ̀ rìn yí po, ìyá mi ò sì fún ọkùnrin náà ní àdúrà tó dáa. Green Line ni a bá darí wálé, ibùdókọ̀ Conservatory–Central Park Drive ò jìnnà rárá.

Bí ẹ bá ń bọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán, ẹ óò rí i pé òrùlé rẹ̀ rí rìbìtì. Òkìtì koríko gbígbẹ tí àwọn àgbẹ̀ agbègbè náà máa ń kó jọ sóko ni Jens Jensen, tó ya àwòrán rẹ̀, fi ṣe àwòkọ́ṣe. Ọmọ Denmark ni, lébìrà ló kọ́kọ́ jẹ́ nínú àwọn páàkì Chicago kó tó di ọ̀gá wọn. Bí ẹ bá wọlé, ẹ dúró díẹ̀, torí gbogbo jígí ojú ló máa di funfun báláú. Ooru yẹn ní òórùn, òórùn ilẹ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ sí. Ìyá mi tú gèlè, wọ́n ní, "Àkànní, gba kóòtù yìí lọ́wọ́ mi." Èmi ni mo gbé e títí tí a fi jáde.

Ibi tí ó yẹ kí ẹ pẹ́ sí jù ni Fern Room, yàrá fern, ìyẹn ewéko tí kì í yọ òdòdó. Láti òkè ni ẹ óò ti máa wò ó wálẹ̀: adágún omi láàárín, òkúta pẹlẹbẹ tí wọ́n tò léra, fern tó bo gbogbo ẹ̀gbẹ́. Bí ilẹ̀ Illinois ṣe lè ti rí ní àìmọye ọdún sẹ́yìn, kí ọmọ ènìyàn tó débẹ̀, ni Jensen fẹ́ fi hàn. Láyé ìgbà náà, inú ìkòkò lórí tábìlì ni wọ́n máa ń to òdòdó sí nínú irú ilé báyìí. Jensen kọ̀. Inú ilẹ̀ gan-an ló gbin tirẹ̀ sí, ó sì fi àwọn páìpù pamọ́ kí ojú má baà rí wọn. Wọ́n ní ó mú kí bíríkìlà tó kọ́ ibi tí omi ti ń ṣàn wálẹ̀ tú u palẹ̀, kó tún un kọ́ léraléra, torí pé ìró omi náà ò bá a létí mu. Bóyá wọ́n bù mọ́ ọn o, èmi gbà á gbọ́. Omi náà ò pariwo, kò sì dákẹ́.

Ẹni tó bá rí i báyìí ò ní mọ ohun tójú rẹ̀ rí. Ní June 30, 2011, yìnyín ńláńlá rọ̀, ó fọ́ ju ìdajì gíláàsì òrùlé lọ, Fern Room sì wà lára ibi tó fara gbá jù. Àfọ́kù wọ ilẹ̀, ó gé ewé jánjàn-jánjàn. Gíláàsì tó yi ju ti tẹ́lẹ̀ ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀.

Yàrá tí wọ́n ń pè ní Sugar from the Sun ni ti ìyá mi. Ìrèké ń bẹ níbẹ̀, àti ọ̀gẹ̀dẹ̀, ọ̀pẹ̀yìnbó, kọfí, títí kan kòkó. Oko kòkó ni bàbá wọn fi tọ́ wọn. Àwọn ọmọdé òyìnbó méjì ń wo igi náà, ni màmá bá sọ ọ́ di kíláàsì, èmi ń túmọ̀: pé ara igi gan-an ni èso ti ń yọ, pé nǹkan funfun tó bo hóró rẹ̀ dùn ún lá, ṣùgbọ́n hóró fúnra rẹ̀ korò, pé ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni wọ́n fi ń bò ó kó lè kan kí wọ́n tó sá a sóòrùn. Ọ̀kan nínú wọn bi mí bóyá òótọ́ ni. Mo ní kó bi màmá.

Nínú Aroid House, mọ̀lẹ́bí kókò ni ẹ óò bá, ewé wọn fẹ̀ gbàràmù-gbaramu. Àwọn ewé gíláàsì aláwọ̀ ìyeyè tí Dale Chihuly, oníṣẹ́ ọnà gíláàsì, ṣe náà wà lójú omi níbẹ̀. Mo fẹ́ràn wọn gan-an. Ìyá mi bèèrè pé kí ni wọ́n ń fi ewé tí kò ṣeé sè ṣe. Desert House, ilé ewéko aṣálẹ̀, ò mú mi lọ́kàn, ẹ̀gún náà ni, àmọ́ ẹni tó fẹ́ràn cactus lè má fẹ́ kúrò níbẹ̀.

Tí àyè yín ò bá ju wákàtí kan lọ, ẹ pín in sí méjì fún Fern Room àti yàrá kòkó. Ẹ wọ aṣọ fẹ́lẹ́ sábẹ́ kóòtù, ẹ sì yẹ ọjọ́ tí wọ́n ń ṣí wò kí ẹ tó kúrò nílé.